Àga Tí Màmá Yá

                                        Yàrá Karùn-ún, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìfaradà àsìkò yìí. Ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jà lórí bẹ́ẹ̀dì? Ara wa le níbí, inú ló ń bí mi.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ilé ìtẹ̀wé ti kógbá wọlé ni mi ò ti rí iṣẹ́ ṣe. Nínú ọ̀dá owó yìí, ìjọba kéde pé àwọn yóò gba ẹnì kan síṣẹ́ títì láti ilé kọ̀ọ̀kan tí ebi ń pa, àwọn yóò sì máa fún ilé náà lóúnjẹ. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tò kí n tó forúkọ sílẹ̀. Wọ́n ní akọ̀wé kan ń bọ̀ wá wo ilé wa.

Mo sọ fún Màmá. Gbogbo ohun tí etí wọn gbọ́ kò ju pé àlejò ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé ń bọ̀, kí n tó ti ibi omi dé, Màmá ti fọ ilẹ̀, wọ́n ti yá àga onítìmùtìmù méjì àti aṣọ fèrèsé lọ́wọ́ káfíńtà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, wọ́n sì ti wọ aṣọ òde. Akọ̀wé jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó ní ilé yìí mà tura o. Màmá ní, "A dúpẹ́, ọmọ mi. A ò ráhùn." Mo ṣẹ́jú sí wọn títí ojú fi ń ro mí. Akọ̀wé ò ṣí ìkòkò kankan wò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé a rí jẹ, ó bá wọ ọ̀dọ̀ káfíńtà tí òun náà ti forúkọ sílẹ̀, tí yàrá tirẹ̀ ṣófo nítorí ọ̀dọ̀ wa lẹrù rẹ̀ wà. Káfíńtà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ títì báyìí. Òórùn ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń jí àwọn ọmọ mi láràárọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ sí ọ́fíìsì ìrànwọ́. Tábìlì kìíní ní kí n lọ bá ìkẹta, ìkẹta ní kí n padà sí ìkíní. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé akọ̀wé yóò tún wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sì ní sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n má yá ohunkóhun mọ́. Wọ́n ní, "Àlejò ò ní jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé mi. Ọmọ tèmi kì í ṣe alágbe." Mo jágbe mọ́ wọn, wọ́n sunkún, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ẹ̀yin nìkan ni Màmá ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn kíá. Ẹ sọ fún wọn pé bí ilé ṣe rí ni kí wọ́n jẹ́ kí akọ̀wé bá a.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àti àwọn ọmọ. Ǹ bá tún kọ sí i, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohùn Màmá lẹ́nu ọ̀nà káfíńtà. Wọ́n ń bi í bóyá ó lè fi tábìlì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn kún àga méjèèjì.

Èmi ni àbúrò yín tí ọ̀rọ̀ sú,
Atẹ̀wé