Ẹni Tó Pọ̀n Yín Ń Wá Ìbò Wa

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fẹ́ kọ ìwé yìí sí yín. Bí mo bá jókòó sídìí maṣíìnì, tí mo rán apá yúnífọ́ọ̀mù kan tán, ọwọ́ mi á kàn dúró. Màá dìde, màá lọ sẹ́nu ọ̀nà, màá wo òpópónà, màá tún padà wá jókòó. Àwọn oníbàárà mi rò pé ara mi ò yá. Ara mi yá, Bàbá. Ọkàn mi ni kò jókòó.

A ti dìbò káńsẹ́lọ̀. Mo sì ṣe ohun kan ṣáájú ìbò náà, lójú gbogbo àdúgbò, tí mi ò mọ̀ bóyá ẹ máa gbóríyìn fún mi ni àbí ẹ máa bínú. Orúkọ yín wà nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún yín.

Àwọn mẹ́ta ló jáde ní wọ́ọ̀dù wa. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹ ò mọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, Yábàá ló ń gbé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, ó ní Pápá Àjàó níbí ni wọ́n bí òun sí kí àwọn òbí òun tó kó lọ. Ó wá lọ́jọ́ Sunday kan, ó ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó bá wa sọ̀rọ̀ tó mọ́yán lórí. Mo fẹ́ràn ojú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí pé kí ni orúkọ òpópónà wa.

Ìkejì ni Màmá Tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń fajú ro báyìí. Ẹ̀yin méjèèjì ò kí ara yín fún bí ọdún méjì nítorí géètì àdúgbò, ẹ sì máa ń sọ pé ohùn ẹ̀ dà bí agogo ilé ìwé, pé ẹni tó bá gbọ́ ọ á fẹ́ tò sórí ìlà. Òun náà ni. Kò tíì yí padà. Àmọ́ látìgbà tí ẹ ti lọ, kò sí ọjọ́ Sátidé ìmọ́tótó tí kò jáde pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Bàtà òjò ọkọ ẹ̀ tó ti kú ló máa ń wọ̀, bàtà náà tóbi jù ú lọ, á máa wọ́ ọ nílẹ̀, á máa fa ọ̀rá jáde nínú gọ́tà, á máa pe orúkọ onílé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n jáde wá. Ọjọ́ kan ló dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ègé aṣọ ẹ ni mo yọ jáde lónìí," ló wí. "Búlúù ni. Ilé ìwé wo lo ń rán tiẹ̀?"

Ojú tì mí. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ń kó ègé aṣọ mi sínú àpò.

Ẹni kẹta ni Bọ̀dá Mufú. Mufútàù yín. Ọmọ tó bá yín kọ́ iṣẹ́ káfíńtà fún ọdún márùn-ún, tó ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ fún ní pẹ́ńsù àkọ́kọ́ tó máa há sétí bíi tiyín. Òun ló ti ń ṣe káńsẹ́lọ̀ bọ̀, ó sì tún fẹ́ padà. Ẹ rántí bí inú yín ṣe dùn nígbà tó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ ò sọ pé ẹ dìbò fún un, nítorí ẹ kì í sọ. Ẹ máa ń ní ìbò dà bí ẹ̀wù abẹ́, ẹni tó wọ̀ ọ́ nìkan ló mọ àwọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ń fi ìka yín tí tàdáwà ìdìbò wà lára ẹ̀ han gbogbo èèyàn, ẹ ò sì jẹ́ kí omi kàn án fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ṣèlérí gọ́tà fún wa nígbà yẹn. Àwọn òṣìṣẹ́ wá lóòótọ́. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ìdajì òpópónà, wọ́n kó irin iṣẹ́ wọn, wọ́n lọ. Iyanrìn tí wọ́n gbẹ́ jáde tún ya padà sínú ẹ̀, omi tó máa ń rí ọ̀nà díẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò wá rí ọ̀nà kankan mọ́.

Mi ò mọ ohun tí ẹ rántí nípa àárọ̀ ọjọ́ òjò yẹn. Ojú yín là, ṣùgbọ́n èémí yín ń já, ẹ ò lè sọ̀rọ̀. Omi ti wọ pálọ̀. Ọkọ̀ kankan ò lè wọlé, kẹ̀kẹ́ ò lè wọlé. Màámi ń pe gbogbo èèyàn tó ní fóònù. Bọ̀dá Mufú ló dé. Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó ní ká gbé yín sí òun lẹ́yìn. Ó pọ̀n yín bí ẹni pọ̀n ọmọ, mo di ẹ̀yìn yín mú, a wọ inú omi. Omi dé ìbàdí ẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó má baà jìn sínú ihò. Nígbà tí a dé títì ńlá, ó dúró síwájú mọ́tò kan tí kò fẹ́ dúró, mọ́tò náà sì dúró, ó gbé wa lọ sọ́sibítù. Dókítà ní ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ẹ fi wá sílẹ̀.

Ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe ń pè yín ní ọ̀gá mi, ọ̀gá mi, ní gbogbo ojú ọ̀nà?

Nígbà tí ìbò yìí kù sí dẹ̀dẹ̀, Bọ̀dá Mufú wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní àwọn máa ṣe ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́ Thursday, òun fẹ́ kí n dìde, kí n sọ fún àwọn èèyàn bí òun ṣe pọ̀n yín. Mo ní mo gbọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ? Màámi tiẹ̀ ti yan aṣọ tí mo máa wọ̀.

Wọ́n ta kánópì síwájú ilé alága àwọn lanlọ́ọ̀dù. Màmá Tíṣà náà wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo gba gbohùngbohùn, mo sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an: òjò, bàtà tí kò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ẹ̀yin lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn obìnrin ń nu ojú. Nígbà tí mo dé ibi tí omi ti dé ìbàdí ẹ̀, mo yíjú sí i. Ó yẹ kí n ní ẹ ṣeun, kí n jókòó. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Bọ̀dá Mufú, kí ló gbé omi dé ìbàdí yín?"

Mo ní gọ́tà yẹn ló yẹ kó gbé omi náà, kì í ṣe òun ló yẹ kó gbé bàbá mi. Mo ní mo ń dúpẹ́, mo sì ń béèrè. Lẹ́yìn náà mo gbé gbohùngbohùn sílẹ̀, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, Bọ̀dá Mufú nìkan ló wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kò mú ọmọ ẹ̀yìn kankan dání.

"Àbúrò, o dójú tì mí."

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé irọ́ ni pé mo pọ̀n ọ̀gá mi ni?"

"Kì í ṣe irọ́."

Ó jókòó. Ó ní ẹni tí wọ́n fún ní iṣẹ́ gọ́tà yẹn, èèyàn àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú ni. Ó ní bí òun bá pariwo ẹ̀, wọn ò ní fa òun kalẹ̀ mọ́. "Mo ní kí n dákẹ́ ná, kí n wọlé lẹ́ẹ̀kejì, kí n wá ṣe é."

"Ṣé ẹ sọ fún omi pé kó dúró dè yín?"

Ó tẹjú mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí i pé ẹsẹ̀ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ń mì. Ó ní kí n mú òòlù wá. Ó dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ tábìlì náà pẹ̀lú aṣọ funfun tó wọ̀, ó kan ìṣó méjì, ó fi ọwọ́ mì í wò, ó gbọn eruku lára aṣọ ẹ̀, ó sì lọ. Bàbá, iṣẹ́ yín nìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún, kì í ṣe níbi ìpàdé.

Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Wọ́n á gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n sọ kí wọ́n tó dákẹ́: "Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni." Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin náà rí i?

Lọ́jọ́ ìbò, kò sí mọ́tò nígboro, àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì. Màámi ṣíwájú, èmi tẹ̀ lé wọn, a ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ọgbà ilé ìwé tí wọ́n ti ń dìbò. Nígbà tó kàn mí, mo rọra tẹ àtàńpàkò mi kó má baà bọ́ sórí ìlà. Màmá Tíṣà ni mo tẹ̀ fún. Mo ń wòye pé ẹ ń wò mí láti ẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n kà á tán, Màmá Tíṣà ló borí ní ibùdó tiwa, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Mufú ló wọlé ní wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, Màámi wé gèlè wọn, wọ́n ní, "Dìde, ká lọ." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá mi sọ nìyẹn. Ilé Bọ̀dá Mufú ni wọ́n mú mi lọ. Ilé kún fún àwọn tó wá bá a yọ̀. Màámi la àárín wọn kọjá, Màámi tí wọ́n tó bí Bọ̀dá Mufú lọ́mọ sì kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. Ó sáré dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dìde.

"Mufútàù, o pọ̀n ọkọ mi," ni Màámi wí. "Títí màá fi kú ni màá máa dúpẹ́ ẹ̀. Àmọ́ mi ò dìbò fún ẹ. Mo fẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kó má jẹ́ ẹlòmíì ló máa wá sọ ọ́ fún ẹ."

Orí ìdọ̀bálẹ̀ ló wà tó fi ní, "Mo gbọ́, Màmá."

"Tí o bá ti gbọ́, a máa wá bi ẹ́ nípa gọ́tà."

Nígbà tí a ń bọ̀, Màámi di apá mi mú níbi tí ilẹ̀ ti rí gbágungbàgun, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí a fi délé. Mi ò bi wọ́n ìgbà tí ọkàn wọn yí padà. Ṣé ẹ̀yin lẹ bá wọn sọ ọ́ ni?

Látìgbà náà, àràárọ̀ ni Màámi àti Màmá Tíṣà ń lọ jókòó síwájú ọ́fíìsì káńsẹ́lọ̀, lórí àga ike tí wọ́n ń gbé lọ fúnra wọn. Ó ti jáde bá wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá lókè. Lánàá, ọkùnrin kan wá fi okùn wọn gọ́tà, ó kọ nǹkan sínú ìwé, ó lọ. Bóyá wọ́n máa ṣe é, bóyá wọn ò ní ṣe é, mi ò mọ̀. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe fún ẹni tó pọ̀n yín dára. Bí mo bá ní mo kábàámọ̀, irọ́ ni. Bí mo bá ní mi ò kábàámọ̀, irọ́ náà ni.

Òjò ti ṣú bí mo ṣe ń kọ èyí, Màámi ò sì tíì dé. Ẹ jẹ́ kí n ti ṣọ́ọ̀bù, kí n gbé àga kan àti agboòrùn, kí n lọ bá wọn jókòó.

Ẹ sinmi dáadáa, Bàbá mi. Ẹ̀yin lọkàn mi ń fà sí.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí kò lè jókòó sójú kan.