Bí Mo Ṣe Dáhùn Nígbà Tí Wọ́n Ní Kí N Ka Ọmọ Mi

Clinton, Maryland,
Ọjọ́ Sátidé, kété tí mo kírun ọ̀sán tán.

Abdulwahab, Àkànmú ọkọ mi, ṣé o jí ire, ṣé ara le? Ṣé Níkẹ́ aya rẹ ń jẹun, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀? Ọlọ́run Ọba tó fi oyún sí i nínú yóò sọ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ, àmín. Àwa náà ń bẹ níbí, a ò ṣàìsàn, ẹnikẹ́ni ò sì wá ká wa mọ́lé torí gbèsè, àfi orúnkún mi nìkan tó máa ń sọ fún mi bí òjò bá fẹ́ rọ̀.

Ẹ̀yin ará Èkó rò pé ìlú ńlá ni mo wà torí pé ẹ ń gbọ́ Amẹ́ríkà. Clinton yìí, oko ni. Igi pọ̀, ilé jìnnà síra, ẹni tí kò bá ní mọ́tò kò lè lọ ra iyọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ Oyinkán á ti lọ sí ọsibítù láàárọ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe kì í jẹ́ kó wálé títí ilẹ̀ á fi ṣú, èmi àti àgbọ̀nrín la máa ń wà nílé. Mo ní àgbọ̀nrín, o ò ṣì í kà. Wọ́n wá jẹ gbogbo tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé, wọ́n tún dúró wò mí bóyá ó kù. Mo mú igi, Oyinkán ní kí n má dán an wò, òfin wà. Ẹran ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lẹ́yìnkùlé, àwọn èèyàn sì ń wakọ̀ lọ ra ẹran inú yìnyín. Mo ti dákẹ́ ní tèmi, ìlú onílùú ni.

Ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. O mọ̀ pé mo fẹ́ wá wẹ ọmọ fún Níkẹ́, kí n sì dúró títí ọmọ náà á fi rìn. Oyinkán ní ìwé ìgbélùú tó wà lọ́wọ́ mi yìí kò fẹ́ kí èèyàn pẹ́ nílé bẹ́ẹ̀, pé wọ́n lè ní mo ti kọ ìlú àwọn sílẹ̀, àfi kí n kọ́kọ́ di ọmọ ìlú wọn pátápátá. Mo ní ṣé torí kí n lè lọ sílé ni n ó ṣe di ará ibí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọgbọ́n òyìnbó nìyẹn, mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ ìlú gbọ́dọ̀ fi hàn wọ́n pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, á sọ ọ́, á kà á, á kọ ọ́.

Oyinkán bá fi tíṣà sínú fóònù mi. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù, mi ò tíì rí ojú rẹ̀ rí. Láràárọ̀ mo máa ń wẹ̀, mo máa ń bo orí, torí èèyàn kì í fi aṣọ àwọ̀sùn lọ bá tíṣà, mo sì máa ń kí i dáadáa kí n tó jókòó. Kò dá mi lóhùn rí. Bí mo bá sọ ọ́ tó tọ̀nà, á lu agogo kékeré, bí mo bá ṣì í, á ní kí n tún un sọ, kì í bínú. Mo bi Oyinkán pé èló là ń san fún un lóṣù, ó ní ọ̀fẹ́ ni. Látìgbà náà ni mo ti ń ṣàdúrà fún un lẹ́yìn ìrun, torí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé ó tiẹ̀ ń jẹun?

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló pè mí wọ yàrá. Ó gbé síléètì onídígí fún mi pé kí n kọ̀wé sí i, ó fún mi ní bírò tí kò ní yíǹkì. Mo gbọ̀n ọ́n títí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ṣáà máa kọ, ìwé sì jáde lóòótọ́. Mo kà, mo kọ, ó ní ó dáa. Ló bá bi mí pé ọmọ mélòó ni mo ní.

Àkànmú, ṣé wọ́n ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni? Mo ní Ọlọ́run ṣe é fún mi, mo dúpẹ́. Ó tún bi mí, ó ń fa ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀. Mo ní wọ́n wà, wọn ò sì ní dín. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, mo bá wolẹ̀, torí mi ò fẹ́ tẹjú mọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí n máa bá a jiyàn níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì mi kò tó. Ẹjọ́ rẹ̀ kọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé wọn. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́ẹ̀kan péré sí i, bí mo bá tún kùnà, a ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nígbà náà ọmọ Níkẹ́ á ti máa sáré.

Oyinkán bẹ̀ mí títí. Ó ní kí n ṣáà pe iye náà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Inú àríyànjiyàn yẹn ló ti yọ ohun tí o sọ fún un lórí fóònù, pé kí n má wàhálà ara mi mọ́, pé ìyá Níkẹ́ á wẹ ọmọ, pé ọmọ àbúrò ṣáà ni ọ́, kì í ṣe ọmọ tí mo bí. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́ fún ọ. Nígbà tí Mọ̀ríámọ̀ àbúrò mi tó bí ọ kú, o ò tíì lè dá ara rẹ yí padà. Ìwọ àti Abibat tí mo ń tọ́ lọ́wọ́ nígbà náà lẹ jọ mu ọmú mi, ó di ọ̀tún mú, o di òsì mú, ẹ mu mí títí mo fi rù kan eegun. Ta ló wá ń pè ọ́ lọ́mọ àbúrò?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo padà lọ. Obìnrin ni lọ́tẹ̀ yìí, Michelle lorúkọ rẹ̀. Ó bi mí bóyá n ó gbé ohun ìjà láti gbèjà ìlú bí òfin bá ní kí n gbé e. Mo ní n ó gbé e, àmọ́ kí wọ́n ro ti orúnkún mi, kí wọ́n wá èyí tí kò wúwo fún mi. Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí. Mi ò kà yín fún un. Mo ní kó jọ̀ọ́, orúkọ ni n ó dá, kí òun kà á fúnra rẹ̀. Mo dárúkọ Oyinkán, mo dárúkọ Táòfíkì, mo dárúkọ Abibat, mo dárúkọ Abdulwahab. Ó wo ìwé iwájú rẹ̀, ó ní tibẹ̀ fi ẹnì kan dín, ta ni Abdulwahab? Oyinkán tó bá mi kọ ìwé náà kò kọ orúkọ rẹ mọ́ wọn, torí òfin wọn ní ẹni tí èèyàn bí tàbí tó gbà tọ́ ní kóòtù ló ń jẹ́ ọmọ.

Mo gbàgbé pé ìdánwò ni mo wá ṣe. Mo sọ bí Mọ̀ríámọ̀ ṣe kú fún un, bí mo ṣe ń pọ̀n ọ́ lọ sóko ẹ̀gẹ́, bí o ṣe máa ń figbe ta bí mo bá kọ́kọ́ gbé Abibat, bí ibà ṣe mú ọ tí mo jókòó tì ọ́ tí mi ò dìde. Gẹ̀ẹ́sì tí n kò mọ̀ pé mo ní ló ń jáde. Mo ní, “Ẹ kọ ohun tí òfin yín bá ní kí ẹ kọ, mà, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni.” Ó ní òun ò lè kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó lè sọ gbogbo èyí, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó. Mo yege, Àkànmú. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa búra fún wa. Bá mi kí ìyá Níkẹ́, kó máa wẹ ọmọ títí n ó fi dé, mo ń bọ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ará Amẹ́ríkà ń tọrọ owó lọ́wọ́ ará Èkó. Táòfíkì ti dá sí owó ọkọ̀ òfúrufú mi, Abibat ti dá sí i, Oyinkán ní òun á san ìyókù, mo ní kó dúró, ó ku tìrẹ. Bó ṣe owó ọṣẹ ni, fi ránṣẹ́. Àmọ́ má fi fóònù rán an nígbà tí bátìrì bá fẹ́ kú, kí owó má baà há sójú ọ̀nà. Ìyá tó bá tọrọ lọ́wọ́ gbogbo ọmọ tó fo ẹnì kan, ó ti yọ ẹni yẹn kúrò láàárín wọn nìyẹn, mi ò sì ní fò ọ́.

Ọlọ́run á lé ibi jìnnà sí ilé rẹ. Ọmọ tó ń bọ̀ yìí á mọ̀ ọ́ ní bàbá, á gbọ́ tìrẹ, ọwọ́ rẹ á sì tó ohun tí wàá fi tọ́ ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì.