Ìpè Kánò Tí O Ní O Kò Mọ̀

Abúlé Àgbọ̀nṣẹ̀,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, 1992.

Dàda, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé Evelyn ìyàwó rẹ ń jẹun dáadáa, ṣé ọmọ ń rí ọmú mu yó? Olúwa tó mú mi dé Sùúrùlérè wá wẹ ọmọ fún yín, tó tún mú mi padà dé abúlé láìfarapa, kò ní fi yín sílẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọjọ́ tí mo dé gan-an ni ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Ẹsẹ̀ ṣì ń dun bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún, gbogbo wa ló ń pariwo lé lórí.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù mú ìwé owó wá, wọ́n ní ẹnìkan fi tẹlifóònù rẹ bá Kánò sọ̀rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta gbáko, o ní o kò mọ nọ́ńbà yẹn rí. O ti lọ sí ọ́fíìsì wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kí wọ́n dá owó rẹ padà, wọ́n ní kí o lọ bi àwọn ará ilé rẹ. Ìyẹn kò tíì dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé Evelyn rántí pé òun rí Shakirat, ọmọbìnrin tó gba yàrá ìsàlẹ̀, tó ń tẹ̀wé ní Ìlúpéjú, tó mú tẹlifóònù yín lọ́wọ́, lo bá pè é lólè, o fẹjọ́ rẹ̀ sun láńlọ́ọ̀dù, wọ́n sì ní kó kó jáde kí oṣù yìí tó parí. O ní nígbà tí o bi í, kò fèsì, o wá ní ìdákẹ́ rẹ̀ ló fi hàn pé ó jẹ̀bi.

Dàda, má da àwọn ènìyàn láàmú mọ́. Èmi ni mo pe Kánò.

Ẹ̀gbọ́n mi Adékẹ́mi ti kó kúrò ní Jọ́ọ̀s láti ọdún tó kọjá, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Kánò. O kò mọ̀ nítorí o kì í béèrè rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyàwó rẹ ti bímọ. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí nọ́ńbà, mo bẹ Shakirat, ó yí i fún mi, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àsìkò yẹn ni Evelyn ń gbé ọmọ jáde lọ gba abẹ́rẹ́. A ń kí ara wa lọ́wọ́, n kò tíì débi ọ̀rọ̀ ọmọ, tí ẹ̀gbọ́n mi fi ní kí n dúró de òun, pé ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn. Mo dúró. Ta ló tọ́ mi tí ẹ̀gbọ́n mi yóò ní kí n dúró, tí n ó wá máa lọ? Mo gbé tẹlifóònù náà lé orí tìmùtìmù, mo fi ìborùn mi bò ó kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i, mo lọ gbé ẹ̀wà kaná. Nígbà tí mo padà wá fetí sí i, adìẹ ni mo ń gbọ́. Adìẹ Kánò ń ké, ó ń dún ketekete bí ẹni pé ẹ̀yìnkùlé wa ló wà. Mo tún lọ ro ẹ̀wà mi, mo padà, adìẹ náà ni. Nígbà tó pẹ́ títí, ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ní àṣé mo ṣì wà níbẹ̀, òun ti lọ sọ́jà, òun ti bọ̀. Ó ní kí n kí gbogbo ilé, ó sì gbé tirẹ̀ sílẹ̀. N kò tilẹ̀ ráyè sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Nítorí náà, bí o bá padà dé ọ̀dọ̀ wọn, sọ fún ọ̀gá wọn pé ọ̀rọ̀ tí a sọ kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ. Ìyókù, ìdúró ni. Níbo ni wọ́n ti ń gbowó ìdúró lọ́wọ́ ẹni? Bí wọ́n bá ní owó igbe adìẹ ni, adìẹ wa kọ́, kí wọ́n lọ gbà á ní Kánò. Ẹni tó jókòó sínú wáyà tó ń ka wákàtí yẹn náà yà mí lẹ́nu. Ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sọ́jà, ó ń wò mí bí mo ṣe ń dúró. Bó bá jẹ́ ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, ṣé kò yẹ kó ní kí ìyá lọ sinmi? Bí wọ́n bá dá owó náà padà, èmi ni kí o fi ránṣẹ́ sí, nítorí èmi ni mo dúró. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kà á dé ibi tí o ti fi àgádágodo ti tẹlifóònù pa. Ó ní ọmọ òun sanwó kó lè máa sọ̀rọ̀, ó tún wá ra àgádágodo kí ẹnikẹ́ni má baà sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ti Shakirat kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ọmọ yẹn mọ̀ pé èmi ni. Ó lè dárúkọ mi, kò dá a. Ó rò pé ojú yóò ti ìyá àgbà níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ló bá gbà kí wọ́n máa pe òun lólè. Mo sunkún nígbà tí mo kà á, Dàda. Ìwọ tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà.

Fi owó oògùn ẹsẹ̀ bàbá rẹ ránṣẹ́, kí o fi àbọ́níkí mẹ́ta kún un. Fi owó ike ìpọnmi náà sí i, tèmi ti ń jò.

Ó ku ohun kan. N kò fi lẹ́tà yìí sí pósítì. Fàsásì dẹ́rẹ́bà, tó ń lọ ra ẹ̀yà mọ́tò ní Ládìpọ̀, ni mo gbé e fún, mo ní kó má fún ọ, Shakirat ni kó fún. N kò lẹ̀ ẹ́ pa. Mo ní kí ọmọ náà kọ́kọ́ kà á tán, kó tó gbé e gòkè wá bá ọ, kó sì dúró títí o ó fi kà á dé ibi yìí. Mo mọ̀ pé o gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Ó ṣì wà lórí ìdúró. Dìde, fún un ní àga, kí o sì bẹ̀ ẹ́.

Ọlọ́run yóò bù kún ẹ̀yin méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Caroline.