Mo Ti Gba Ọjọ́bọ̀ Lọ́wọ́ Wọn

Àkọ́bí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí ìpàdé ti gba àyè oúnjẹ náà? Bàbá rẹ kí ọ, àbúrò rẹ kí ọ, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ìbá kí ọ náà bó bá lẹ́nu. Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ.

Ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà tí o fi sínú fóònù mi ló mú mi gbé bírò. O ní kí n máa wò ó kí n tó pè ọ́, pé ibi tó bá funfun, o ráàyè, ibi tó bá pupa, ọwọ́ rẹ dí. Mo ń wò ó, mo ń pè ọ́, à ń rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí ibi iṣẹ́ yín pààrọ̀ ètò tí ẹ fi ń pín ọjọ́. Láti ìgbà náà ni gbogbo ọjọ́ rẹ ti pupa, títí kan ọ̀gànjọ́ òru. Èmi aránṣọ, Àbámẹ́ta kan ṣoṣo ni mo máa ń dá fún gbogbo oníbàárà, síbẹ̀ mo ṣì ń ráàyè ṣòfófó. Mo bi bàbá rẹ pé irú iṣẹ́ wo lò ń ṣe lóru, ó ní kí n ṣáà máa gbàdúrà.

Àdúrà nìkan kọ́. Mo gbé fóònù lọ bá atúnfóònùṣe. Ó pa á, ó tàn án, ó yọ kàlẹ́ńdà kúrò, ó dá a padà, pupa ni. Ó ní kàlẹ́ńdà tuntun kò tíì mọ̀ mí, àfi kí o tún fún mi láyè. Èmi tí mo pọ̀n ọ́, ṣé èmi ni kàlẹ́ńdà ò mọ̀? Mo ní kó tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ tí o fi pamọ́ sọ́dọ̀ wa, gbogbo rẹ̀ bá ṣí. Ìpàdé kún ibẹ̀ fọ́fọ́, wọ́n ń béèrè lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá o máa lọ. Ti Ọjọ́bọ̀, mo ní o ò lọ. Ti Ẹtì, o ò lọ. Atúnfóònùṣe ní kí n rọra, mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ tirẹ̀ kọ́.

Ọ̀gá rẹ ránṣẹ́ béèrè pé kí ló dé. Mo fèsì pé ìyá rẹ ni, pé Ọjọ́bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ ojú bàbá rẹ. Kò pẹ́ tí àwòrán àtàǹpàkò rẹ̀ fi yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, n ò mọ̀ pé ọ̀gá ńlá bẹ́ẹ̀ ò mọ̀wé kọ tó láti fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó ti tẹ̀ka, kò gbọdọ̀ yí i padà.

Dókítà ní ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún làwọn fẹ́ gbà là, àwọn ò sì lè ṣèlérí. Bàbá rẹ ní ẹnikẹ́ni ò ní fi irin kan ojú òun àfi bí òun bá kọ́kọ́ rí ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀, ó ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rù ń bà á, ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Fi owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn ránṣẹ́, pẹ̀lú owó dátà, kí n lè máa ṣọ́ Ọjọ́bọ̀ wa kí ẹnikẹ́ni má bàa tún gbà á. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà wa tí kàlẹ́ńdà bá tún pupa, wọlé ní tìrẹ. Ọ̀nà á là fún ọ, a ò ní fojú wá ara wa tì.

Èmi ni ìyá rẹ, tí mi ò gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí n tó bí ọ.