Mísbáù, Dá Orí Abẹ́rẹ́ Alhaji Padà

Mísbáù,

Ta ló rán ọ níṣẹ́? Láàárọ̀ yìí, Màmá ní òun fẹ́ gbọ́ wáàsì tí bàbá wa, Alhaji, ṣe sínú àwo kó tó kú. Mo gbé e sórí giramafóònù, ariwo gba gbogbo pálọ̀ bí ẹni ń dín ẹja. Mo rò pé àwo ló dọ̀tí, mo nù ún, ibi pẹlẹbẹ náà ló fi lélẹ̀. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó ni mo rí i pé o ti yọ orí abẹ́rẹ́ mónò tí Alhaji fi sílẹ̀, o fi ti sítẹ́rìò, ti àwo òde òní, síbẹ̀ nítorí àwo orin háíláìfù rẹ.

Ilé yìí kì í ṣe Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò yín, níbi tí ẹ ti ń yọ gbogbo ohun tó bá ti gbó. Àwo mónò ni àwo Alhaji. Orí abẹ́rẹ́ àtijọ́ yẹn, ohùn nìkan ló ń mú jáde níbẹ̀. Tìrẹ ń kó ariwo eruku àti ti gbogbo ibi tí àwo ti ha mọ́ ọn.

Bó o bá ti fi ta ẹnì kan lọ́rẹ, lọ gbà á padà. Waakye rẹ, ìrẹsì oníẹ̀wà tí mo sè, wà lórí tábìlì, má fọwọ́ kàn án kó o tó tún ẹ̀rọ náà ṣe. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní Lapaz.

Mo sọ fún Màmá pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, kò gbà. Ó ní ẹ̀rọ kọ́, òun ló ti gbàgbé ohùn ọkọ òun. Àtàárọ̀ ló ti wà ní yàrá, tó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alhaji.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Rasheedah