Ìdí Tí Èdè Ìyá Rẹ Kò Fi Gba Àmì

                                        Ọ́fíìsì Ìforúkọsílẹ̀ Èdè,
                                        Àjà Kejì, Yàrá Kẹrin,
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹfà.

Gírámà, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn tó o ní wọn ò gbọdọ̀ sọ èdè tí wọn kì í fi í ṣe ìdánwò? Ara tèmi le. Ìyá rẹ náà ṣì wà láyé, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́.

O mọ iṣẹ́ wa níbí: à ń wá àwọn èdè tí kò ní àmì lẹ́tà mẹ́ta tí kọ̀ǹpútà fi ń dá èdè mọ̀, ká lè fún wọn ní tiwọn. Èdè tí kò bá ní in, kò sí nínú ìwé rárá. Torí èdè tiwọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Màmá rẹ fi gun àtẹ̀gùn wa pẹ̀lú orúnkún tó ń ro wọ́n. Wọ́n ka orúkọ ewé, orúkọ òjò àti oríṣi èébú mẹ́rìndínlógún sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Mo ti mọ méjì nínú èébú náà. Ọ̀gá mi ni mo fi ń dánra wò. Ó rò pé mò ń kí òun ni.

Ó wá ku ohun kan. Òfin ní ẹlòmíì gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun gbọ́ èdè náà, torí àgbà kan ṣoṣo tó ń dá sọ̀rọ̀, wọn kì í pe ìyẹn ní èdè, àárẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi dà? Ṣé èdè yẹn kọ́ ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ bó bá ń sunkún ni?" Aṣọ tuntun ni wọ́n wọ̀ wá lọ́jọ́ tá a pè ọ́.

Ìpè Ọjọ́rùú yẹn nìyẹn. Èmi ni mo gbé fóònù sórí tábìlì, tí ohùn rẹ ń jáde ketekete. Mi ò sọ fún ọ pé Màmá jókòó tì wá. Òfin ní ká má ta ẹlẹ́rìí lólobó. Ọ̀gá mi bi ọ́ bóyá o gbọ́ èdè ìyá rẹ, o dá a lóhùn pé, "Ariwo ará oko yẹn? Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́ ọ o. Èèyàn gidi ni mí." O rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi rúlà fa ìlà pupa sórí fọ́ọ̀mù. Ìlà náà tọ́ dáadáa.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ. Irọ́ ni, ìwọ ń sanra sí i ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà dá ọ dúbúlẹ̀ ní Pólì, èdè yẹn lo fi ń pe ìyá rẹ lórí bẹ́ẹ̀dì. Etí mi báyìí ló gbọ́ ọ. Ó ṣeni láàánú pé wọn kì í gba ẹ̀rí ẹni tí kò mọ ohun tó gbọ́.

Màmá ò sunkún. Wọ́n gbé ẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n sọ gbólóhùn kan, wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí lára èébú mẹ́rìndínlógún yẹn. Orúkọ rẹ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Gbólóhùn náà ló wà nínú fíláàṣì tí mo fi sínú àpòòwé yìí. Ìwọ nìkan lo kù tó lè sọ ohun tí wọ́n wí. Bó o bá túmọ̀ rẹ̀ fún wa kóṣù yìí tó parí, ẹ̀rí ti pé nìyẹn, èdè á gba àmì. Bó ò bá sì gbọ́ ọ, má dààmú. Èèyàn gidi ni ọ́.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Màmá ò ní kí n kí ọ.

                                        Èmi ọ̀rẹ́ rẹ, tí mo gbé fóònù sórí tábìlì,
                                        Bírò.