Ìkòkò Ò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Ọlọ́sàn,
                                        Ramat Gan.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kejì, 1964.

Gurji, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ìwọ olórí pípá yìí,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún rẹ tó máa ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti gbọ́ èdè òyìnbó báyìí, àbí èdè Bàgìdáàdì ló ṣì fi ń sunkún? Àwa dúpẹ́. Òtútù mú, òjò ń na òrùlé wa bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ ní gbèsè, ṣùgbọ́n à ń jẹ, à ń mu. Rahma ìyàwó mi sì ń bú mi lójoojúmọ́. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ le.

Jẹ́ kí n tètè ròyìn. Bí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi ń gbọ̀n, ẹ̀rín ni, kì í ṣe ogbó.

O rántí Latifa, ọmọ Menashi ọmọ mi, èyí tó tọ̀ sí ọ láṣọ ní Bàgìdáàdì. Ó ti dàgbà, ó ti rí ọkọ. Fuad ni wọ́n ń pe ọmọkùnrin náà, ọmọ jẹ́jẹ́, etí rẹ̀ fẹ̀ bí ewé kókò. Latifa ní òun náà ni òun máa fẹ́. Menashi ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní ọmọ náà kì í di nǹkan mú: ó kọ́ṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó fi sílẹ̀, ó kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó fi sílẹ̀, ó wa bọ́ọ̀sì, ìyẹn náà ó fi sílẹ̀. Ó ní ẹni tó ń já nǹkan jù bẹ́ẹ̀ yóò já ìyàwó jù lọ́jọ́ kan. Ẹkún ni Latifa wá fi ń fọ abọ́. Nígbà tó pẹ́, Rahma bẹ Menashi pé kí ọmọ náà wá bá wa jẹ ẹyin lówùúrọ̀ Sábáàtì, kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, lẹ́yìn náà kó sọ tẹnu rẹ̀.

Bí a ṣe ti sínágọ́gù dé àná nìyẹn. Ìkòkò ti wà lórí sítóòfù láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, páànù bo iná lójú bó ṣe yẹ. Adìyẹ àti ìrẹsì inú rẹ̀ ti jinná dé egungun, àwọn ẹyin orí rẹ̀ sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó jẹ́ pé a kì í bu nǹkan nínú ìkòkò tó ṣì wà lórí iná, Rahma fẹ́ gbé e kúrò. Fuad fò dìde pé kí Màmá jókòó. Ó fi àkísà di etí ìkòkò mú, ó gbé e sókè, Rahma kó ẹyin, ó sì dé e padà.

Ibẹ̀ ni ahọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Ìwọ náà mọ òfin yìí: ìkòkò tó bá kanlẹ̀ lọ́jọ́ Sábáàtì ò tún padà sórí iná mọ́. Àwọn kan tún ní àfi kó wà lọ́kàn ẹni tó gbé e pé òun máa dá a padà. Mo sì ti rí ojú ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ò sí lára ìkòkò.

Mo ní, "Fuad ọmọ mi, nígbà tí o gbé e, ṣé o ní in lọ́kàn pé wàá dá a padà?"

Ó wo ìkòkò, ó wo Latifa. Mo ní ó dáa, kó má dá a padà, kó má sì gbé e kalẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán gbogbo wa ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òtútù yìí. A óò bi Rábì Sasson. Latifa sáré gun àtẹ̀gùn lọ pè é.

O ò mọ Rábì wa yìí. Bí ilé ń jó, yóò kọ́kọ́ kí onílé ná. Ó kí mi, ó kí Menashi, ó béèrè ikọ́ Rahma. Mo fún un ní àga. Mo bó ẹyin fún un. Ó béèrè mángòrò kíkan, mo wá a lọ, n kò sì yára. Ohun ẹ̀sọ̀ kì í bàjẹ́. Òógùn ti ń kán nímú Fuad, ìdérí ìkòkò ń dún kẹ́kẹ́kẹ́. Latifa fẹ́ bá a dì í mú, ó mirí fún un.

Menashi fẹ̀yìn ti àga. "Yóò já a jù," ó ní. "Ẹ ṣáà máa wò ó."

Rábì nu ẹnu, ó wá bi í pé kí ló wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó gbé ìkòkò. Gurji, irọ́ kékeré kan péré, ọwọ́ rẹ̀ ì bá sinmi.

"Rábì, kò sí ìkòkò lọ́kàn mi," Fuad wí. "Latifa ni mo ń wò."

Rábì wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣì di etí ìkòkò mú, ó wo Menashi.

"Lọ́dọ̀ tiwa, ọwọ́ là ń wò," ó ní. "Ọwọ́ rẹ̀ ò sì tíì fi í sílẹ̀. Kó dá a padà. Ti ọkàn rẹ̀, bàbá ọmọ ni kí ẹ bi."

Menashi dìde, ó fa àga kúrò lójú ọ̀nà fún un.

"Rọra gbé e," ó ní. "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ náà ni kó o wá gbé e."

Latifa tún bú sẹ́kún, èyí tó dùn ni wàyí. Inú mi ń dùn bí ẹni tó ta ọjà jèrè, àfi ìgbà tí Rábì jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu pé ìbéèrè yìí kan náà ni èmi Heskel wá bi òun lọ́dún tó kọjá, tí òun sì ti dá a lóhùn. Rahma rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín Rahma, o mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án, ó ha ìrẹsì tó gbẹ mọ́ ìdí ìkòkò, èyí tó ti ń jẹ́ tèmi láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa, tí n kò jẹ́ kí ìyá tó bí mi gan-an tọ́ wò. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àwo Fuad. Mo ní kí ló dé.

"Ẹni tó gbé ìkòkò ló ni ìdí ìkòkò," ó ní.

Menashi rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi há a lọ́fun. Fuad ń run tiẹ̀ lẹ́nu kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ó ń wò mí lójú. Ọmọ jẹ́jẹ́ tí mo pè é yẹn, mo ti gbà á padà.

Lẹ́yìn àjọ̀dún Ìrékọjá ni ìyàwó, kí o má sọ pé n kò sọ fún ọ. Bá mi kí ìyàwó rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, bá mi kí orúnkún náà. Bí o bá sì ń bọ̀, jẹun kó o tó wá.

Tìrẹ ni mí síbẹ̀, ẹni tí wọ́n gba ìdí ìkòkò mọ́ lọ́wọ́,

Heskel.